Afárá Irin Jẹ́bà: Ta Ni Yóò Fún Un Níṣẹ́ Ṣe?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí àga kò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí afárá irin tó gorí Odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà, àti ohun tó ṣeé ṣe kó dé bá a. N kò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ ogbó kọ́ ló máa pa afárá náà. Bó bá máa kú, àìríṣẹ́ṣe ni yóò pa á. Irin tí ọkọ̀ ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń rí ẹni kùn ún lọ́dà, ó máa ń rí ẹni fi òòlù lù ú wò. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti dáwọ́ dúró, owó ìtọ́jú dáwọ́ dúró nìyẹn, àwọn tó ń wá irin tí wọ́n máa tà ní kìlókìlò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Ẹni tó bá ti gba Ìlọrin lọ sí Mokwa rí mọ ibi tí mò ń wí. Odò Ọya pín sí méjì ní Jẹ́bà, erékùṣù kan wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí afárá tí à ń pè ní ọ̀kan fi jẹ́ méjì: èkíní láti bèbè gúúsù, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, dé erékùṣù, èkejì láti erékùṣù dé bèbè àríwá, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn Tápà ló ń gbé erékùṣù náà láti ayébáyé. Àpáta gàgàrà kan yọrí láàárín omi níbẹ̀, Ketsa ni wọ́n ń pè é.

Àwa Yorùbá náà kì í ṣe àlejò létí odò yìí. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé ọmọ Tápà ni ìyá Ṣàngó, ẹ sì mọ ẹni tó fi obìnrin tó ni odò ṣaya. Ní Tada, ìlú kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ odò sí Jẹ́bà, ère bàbà ọkùnrin kan tó jókòó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó. Ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ ìgbàanì hàn lára rẹ̀ kedere. Àwọn Tápà ní Tsoede, ọba wọn àtijọ́, ló kó irú ère bẹ́ẹ̀ wá. Bó ti wù kó dé ibẹ̀, ère tó tó bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọjà ti ń gba orí omi yìí lọ, ó ti ń gbà á bọ̀, kí òyìnbó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó sì dé, odò fi ojú wọn rí màbo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Dayspring, tí Dókítà William Baikie kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ̀, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì rì. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá ìrìn àjò náà lọ. Kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan, John Glover, fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Èkó kó lè wá ohun tí wọn yóò jẹ àti ohun tí wọn yóò lò. Òun ni ará Èkó wá ń pè ní Gólóbà nígbà tó di olórí ìjọba wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó to irin sílẹ̀, ẹsẹ̀ ti là ọ̀nà láàárín Jẹ́bà àti Èkó, ẹni tó sì là á mọ bó ṣe jìn tó.

Ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, ó sì kan Odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀ ni ìjà ti dé. Ẹ má gbàgbé pé ìjọba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òyìnbó ní nílẹ̀ yìí nígbà náà, wọ́n sì ń jowú ara wọn bí orogún. Sir Walter Egerton ní Èkó fẹ́ kí irin tirẹ̀ máa lọ tààrà dé Kano. Sir Percy Girouard tó ń ṣàkóso Àríwá, ọkùnrin tó ti kọ́ ojú irin ní Sudan rí, kò gbà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi máa gbé ẹrù láti etí òkun wá sí Baro, létí Odò Ọya kan náà, kí ojú irin ti Àríwá sì bẹ̀rẹ̀ láti Baro lọ sí Kano. Lọ́rọ̀ kan, kí Àríwá ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kó má bàa jẹ́ Èkó ni yóò máa bẹ̀.

London fún àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, bí àwọn tó wà lókè ti máa ń ṣe nígbà tí wọn kò bá fẹ́ dá ẹjọ́. Irin Baro bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ó dé Kano ní 1911. Irin Èkó sọdá odò, ó lọ bá a ní Minna. Ṣùgbọ́n sísọdá yẹn kò tíì ní afárá. Orí ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ ni wọ́n ń to kóòṣì àti ọkọ̀ ẹrù sí, wọ́n á tù ú lọ sí òdì kejì, wọ́n á tún un so mọ́ ara wọn. Bí omi bá kún jù, ìyọnu. Bí omi bá gbẹ jù, ìyọnu. Ọdún 1916 ni afárá tó parí, láàárín ogun àgbáyé kìíní, nígbà tí ojú omi tí irin ń gbà bọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kún fún ewu. Ẹ ṣe ìṣirò yín: ọdún méjì lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ nínú ìwé ni ọkọ̀ tó gbéra láti Èkó tó lè dé Kano láì fi omi kan ara.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Baro, nítorí òun gan-an ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Bí afárá Jẹ́bà ṣe parí báyìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Baro. Kí ni oníṣòwò ń wá lọ sí etí odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin lè gbé ẹrù rẹ̀ láti Kano dé Èkó láìdúró? Kò sí ẹni tó wó Baro. Kò sí ogun, kò sí iná. Wọ́n kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ tún kọ́ èbúté síbẹ̀, Ààrẹ Buhari sì lọ ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ti ṣòro tó láti dá iṣẹ́ padà fún ibi tí iṣẹ́ ti kúrò, kó wá bi Baro léèrè. Afárá Jẹ́bà ló ṣe é fún un. Ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ ṣe fún afárá Jẹ́bà báyìí.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gba orí afárá yìí kọjá, kí ẹ lè mọ irú òṣìṣẹ́ tó jẹ́. Òwú ni òyìnbó rò pé wọn yóò máa kó láti Kano, kí àwọn ilé ìṣẹ́ aṣọ wọn lè rí nǹkan lò. Àwọn àgbẹ̀ Kano wo iye owó, wọ́n gbin ẹ̀pà. Ẹ̀pà ló wá kún ọkọ̀. Màlúù náà ń bọ̀ láti òkè wá sí Èkó, ẹran tí ọ̀pọ̀ nínú yín jẹ nígbà èwe, ó ṣeé ṣe kó ti gba orí odò yẹn kọjá láàyè.

Láti ìhà tiwa, obì ló ń lọ. Obì gbàǹja láti Agége àti àyíká rẹ̀, inú apẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ apẹ̀rẹ̀ nínú, wọ́n á to obì, wọ́n á tún fi ewé bò ó, wọ́n á dì í gírígírí. Obì kò fẹ́ gbígbẹ, kò sì fẹ́ ooru. Bó bá gbẹ, ó ti di ìdajì owó. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ó ti di ẹ̀bùn. Nígbà tó jẹ́ orí ni wọ́n fi ń rù ú tàbí orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló ń lò lọ́nà, ẹni tó ń gbé e sì ní láti máa tú u yẹ̀ wò, kó máa yọ èyí tó ti bàjẹ́, kó máa pààrọ̀ ewé. Rélùwéè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ìyá wa tó ń ta obì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìtumọ̀ afárá fún wọn. Bí ọkọ̀ bá dá dúró ní Jẹ́bà, àpò wọn ló kọ́kọ́ mọ̀.

Èèyàn náà sì tẹ̀lé ẹrù. Ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn ni ẹ ó bá ní Minna, Kaduna, Zaria àti Sabon Gari ní Kano. Òbí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn yìí pàdé lójú irin. Mo rí ẹni tó ń mi orí.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wo ara afárá fúnra rẹ̀.

Ní àkókò tí wọ́n kọ́ ọ, wọn kì í jó irin pọ̀ bí àwọn wẹ́dà òde òní ti ń ṣe. Ìṣó olórí ni wọ́n fi ń dè é. Wọ́n á dá iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí afárá, ẹnì kan á fi ẹ̀mú yọ ìṣó tó ti pọ́n yòò, á jù ú sókè. Ẹlòmíràn á fi korobá gbà á, á kì í bọ ihò tí wọ́n ti lu mọ́ irin pẹlẹbẹ méjì. Ẹnì kẹta á fi irin wúwo tì í lórí, ẹnì kẹrin á sì máa fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí ìdí náà yóò fi di orí kejì. Bí ìṣó bá ń tutù, á máa sún kì, á sì fa irin méjèèjì mọ́ra pinpin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìṣó bẹ́ẹ̀ ló wà lára irú afárá yìí, ọwọ́ èèyàn ló sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ èyí tó ti tú kò yí padà láti ìgbà náà: gbé òòlù kékeré, lu orí rẹ̀. Èyí tó le á dún kẹ́ẹ́n. Èyí tó ti tú á dún pọ̀ọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lára, kódà bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, á gbọ́ ìyàtọ̀.

Ọ̀tá irin ni ìpáàrà, ìyẹn kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìpáàrà tó wà lójú kọ́ ló burú jù. Èyí tó wà lójú, a óò ha á, a óò kùn ún. Èyí tó wọ àárín irin pẹlẹbẹ méjì ni ejò inú ilé. Irin tó dógùn-ún máa ń gba ààyè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po, á máa wú níbi tí kò ti sí ààyè, bí ẹ̀wà tí a rẹ sínú ìgò tí a dé lọ́mọrí, títí yóò fi ti irin méjèèjì sọ́tọ̀, tí yóò sì já orí ìṣó. Ọ̀dà ló ń dènà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀dà tí a ń tún kùn, tí ẹni tó ń kùn ún sì ń wọ kọ̀rọ̀ tí ojú ọ̀nà kò rí. Lójú tèmi o, ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ti ṣe fún afárá Áfíríkà ju gbogbo mínísítà tó lọ gé ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìpáàrà ni omi. Dáàmù Kainji ti wà lókè odò láti 1968, dáàmù Jẹ́bà fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1980, lókè odò, kò jìnnà sí afárá rárá. Iná ìjọba tí dáàmù méjèèjì ń fún wa kò kéré. Àmọ́ omi tó bá gba inú dáàmù kọjá ti fi iyanrìn rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá jáde, ebi iyanrìn á máa pa á, á sì máa wú u nísàlẹ̀ odò, nídìí òpó. Lọ́dún tí òjò bá pọ̀ jù, bíi 1999 àti 2012, tí wọ́n ní láti ṣílẹ̀kùn dáàmù, agbára omi náà tún yàtọ̀. Ènìyàn kò lè dúró lórí afárá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí òpó. Òmùwẹ̀ ló ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Ẹ wo afárá Carter ní Èkó. Èkíní tó jẹ́ orúkọ yẹn, 1901 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ti tú u kúrò. Èyí tó wà báyìí, àwọn ọdún 1970 ni, ó kéré sí ti Jẹ́bà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Síbẹ̀ ní 2025, ìjọba àpapọ̀ sọ pé òpó rẹ̀ ti bàjẹ́ lábẹ́ omi débi pé kíkọ́ tuntun ló kù. Ta ló wá dàgbà jù nínú wọn? Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé Carter kò ṣàìríṣẹ́ ṣe, pé ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń fún un mọ́lẹ̀, pé èmi ni mo sọ pé àìríṣẹ́ṣe ló ń pa afárá. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ kì í ṣe ìtọ́jú. Ohun tí iṣẹ́ ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àìsàn wà ní ìkọ̀kọ̀ pẹ́. Bí Carter bá mì díẹ̀, gbogbo Èkó á pariwo, mínísítà á sáré wá. Bí òpó kan bá ń yọ́ ní Jẹ́bà lórí ojú irin tí ọkọ̀ kì í sábà gbà, ta ni yóò pariwo?

Ìpalọ́lọ́ bẹ́ẹ̀ sì ń pa èèyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, omi gbé afárá ọ̀nà mọ́tò ní Tatabu lọ, láàárín Mokwa àti Jẹ́bà, àwọn awakọ̀ sì há sí ìhà méjèèjì. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2025, àgbàrá ya wọ Mokwa láàárọ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 150, ó gbé ilé, ó gbé màlúù. Ìròyìn tó jáde láti ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ni pé omi gbára jọ sẹ́yìn òkìtì tí ojú irin gorí rẹ̀, kó tó já. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ wá létí dáadáa. Ohun tí a kọ́ sílẹ̀ tí a kò bójú tó kì í kàn jókòó ní tirẹ̀.

Kí ló wá ń bọ̀ lọ́nà? Ẹ rántí pé wọ́n ti gbìyànjú láti jí ojú irin tóóró àtijọ́ yìí dìde. Ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan tún apá Èkó sí Jẹ́bà ṣe, kìlómítà 488. Ilé iṣẹ́ mìíràn gba Jẹ́bà lọ sí Kano. Afárá wa ni ààlà láàárín wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012 ọkọ̀ èrò tún gbéra láti Èkó lọ sí Kano, inú èèyàn dùn, tìyágbà tọmọdé jáde sí ìdíkọ̀ lọ wò ó. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ìgbà tó yá, gbogbo ojú wá yí sí ojú irin fífẹ̀. Ti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó wà láàárín Kaduna àti Kano ní 2021 bákan náà. Ohun tó kù sílẹ̀ ni àárín, láti Ìbàdàn lọ sókè, owó rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wá.

Ọjọ́ tí owó yẹn bá jáde ni ọjọ́ ìdájọ́ afárá Jẹ́bà. Irin àtijọ́, mílímítà 1,067 ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì, tuntun, 1,435. Ọkọ̀ tuntun gùn jù, ó wúwo jù. Kò sí ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé irin tí wọ́n gé fún ọkọ̀ onísìtíìmù ọdún 1916. Nítorí náà, afárá tuntun ni wọn yóò kọ́. Àtijọ́ yóò wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìní ọkọ̀, láìní owó ìtọ́jú, bí wọn kò bá tiẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí agbaṣẹ́ṣe tú u palẹ̀. Àwọn tó ń yọ irin ojú ọ̀nà rélùwéè tà ní òru kò dúró de àdéhùn kankan.

Ẹlòmíràn ti kojú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní Saint-Louis ní Senegal, afárá irin Faidherbe wà lórí odò wọn láti 1897. Àwọn ará ibẹ̀ á búra fún yín pé Eiffel tó kọ́ ilé ìṣọ́ Paris ló kọ́ ọ, pé odò Danube ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kí wọ́n tó gbé e wá sí Áfíríkà. Kò sí òótọ́ níbẹ̀, ìtàn dídùn lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn náà ti wúlò: kò sí olóṣèlú kan tó lè dìde níbẹ̀ sọ pé kí wọ́n wó afárá. Nígbà tí ìpáàrà sì ti jẹ ẹ́ dé eegun, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ àwọn apá irin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi tuntun tí wọ́n ṣe jọ àtijọ́ rọ́pò wọn. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2011. Ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ títí di òní. Àwọn kan máa ń bínú pé afárá tòótọ́ kọ́ nìyẹn mọ́. Èmi kò bá wọn bínú. Ìlú náà ń sọdá.

Ní Bismarck, ní North Dakota ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Afárá ojú irin kan ti wà lórí odò Missouri níbẹ̀ láti nǹkan bí 1882. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọ́n máa ń to irin sórí yìnyín odò nígbà òtútù, ọkọ̀ á gorí yìnyín kọjá. Ẹ̀rù ba èmi tí mo kàn kà á. Ilé iṣẹ́ rélùwéè BNSF tó ni ín fẹ́ kọ́ tuntun, kó sì tú àtijọ́. Àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ní 2019, àjọ tó ń rí sí ohun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà fi afárá náà sínú orúkọ àwọn mọ́kànlá tó wà nínú ewu jù lọ́dún yẹn. Wọ́n ja ìjà náà dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ilé iṣẹ́ náà ti ya àwòrán tuntun kí ẹgbẹ́ tó dìde. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn àwòrán, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀.

Àwa kọ́? Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí a kàn lọ bẹ ìjọba kí wọ́n kéde afárá ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí a sì lọ sùn. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó, tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan. Bébà kò dá katakata dúró. Ẹ fi wé ilé Jaekel ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ilé àwọn ọ̀gá rélùwéè láti 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ tún ṣe, tí wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ń kó ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sí. Ó dúró nítorí pé ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn èèyàn sì ń wọlé níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a bèèrè kò pọ̀. Kí wọ́n rán òmùwẹ̀ àti ẹnjiníà lọ yẹ afárá méjèèjì wò láti ìdí òpó dé òkè, kí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta fún gbogbo ayé kà. Kí àdéhùn ojú irin fífẹ̀, nígbà tí ó bá dé, kọ ọ́ ní dúdú lórí funfun pé ẹ̀gbẹ́ ni afárá tuntun yóò wà, àti ohun tí àtijọ́ yóò máa ṣe. Títí di ìgbà náà, kí ọkọ̀ ẹrù ojú irin tóóró máa gbà á: sìmẹ́ńtì, ṣúgà, àgbàdo. Àwọn tírélà tó ń to sí ojú ọ̀nà Jẹ́bà ti fi hàn wá pé ẹrù wà. Láti oṣù kẹta ọdún 2023, òfin ilẹ̀ wa ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin lórí rélùwéè, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́. Kwara àti Niger ni wọ́n jọ ni bèbè odò. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀, ẹ bi wọ́n pé ta ló ti dá ọ̀rọ̀ afárá sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ débẹ̀, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bàbá kan ní apá iwájú ní ṣé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ ọ kó lè rí ọ̀nà kó ẹ̀pà wa lọ, kí ló kàn wá nínú títọ́jú ẹrù olè. Mo ní, Bàbá, ẹ ò purọ́. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó gbé òkúta, tí wọ́n wú ilẹ̀, tí wọ́n ru irin lórí, òyìnbó kọ́ ni wọ́n. Àwọn baálẹ̀ ló kó àwọn ẹlòmíràn nínú wọn wá, owó tí wọ́n san fún wọn kò tó nǹkan, ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ wọn síbì kankan. Bí a bá tú afárá náà tà ní kìlókìlò, apá tiwọn nínú rẹ̀ náà ni a tà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà béèrè bóyá wọ́n lè fi pákó tẹ́ ẹ fún àwọn tó ń gun alùpùpù àti ẹlẹ́sẹ̀, tí rélùwéè bá ti kúrò lórí rẹ̀. Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ní ó ṣeé ṣe: ẹrù alùpùpù kò tó nǹkan kan létí ẹrù ẹ́ńjìnnì, irin náà kò ní mọ̀ pé nǹkan gun òun. Pákó ni yóò jẹ́ wàhálà, nítorí òjò, àti nítorí àwọn tó máa yọ ọ́ fi dáná. Irin alájọ̀ tí òjò lè gba inú rẹ̀ kọjá ló dára jù. Irin ìdènà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ga tó àyà, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí owó náà má kúrò ní Jẹ́bà, kó jẹ́ òun ni wọn yóò fi ra ọ̀dà. Ó ní èló ni kí alùpùpù kan máa san. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lówó, ọ̀kan ní àádọ́ta náírà, ọ̀kan ní ọgọ́rùn-ún, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa dúnàádúrà rẹ̀ lọ.